Ohùn Tí Ó Mọ́ Gaara

Ẹyin lohùn, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n lóde òní a lè kó ohùn pamọ́ kí ó má ṣe bọ́. Ohùn ìyá mi olóògbé ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà mi, níbi tí ó gbé ń ki oríkì ilé wa. Ṣùgbọ́n ìró kan a máa kùn bí oyin, a sì máa bo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ sì mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ kò lè mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Òǹkà ni kọ̀ǹpútà fi ń pa ohùn mọ́. Ti àwo CD, tí ó jáde ní 1982, jẹ́ 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà kan ní láti sọ òǹkà wọ̀nyí di iná tí ń lọ sókè sódò kí sípíkà tó lè fọhùn. Nínú kọ̀ǹpútà, ariwo iná àwọn ẹ̀yà yòókù a máa ràn án. Nítorí náà mo ra èyí tí ó dá dúró lóde, tí à ń pè ní DAC, mo fi okùn USB so wọ́n pọ̀. Kíkùn náà sì dákẹ́.

Ọlọ́jà rọ̀ mí kí n ra okùn USB olówó ńlá. N kò rà á. Bí òǹkà bá ti dé ní pípé, wúrà kò lè fi nǹkan kún un. Okùn tí ó ti DAC lọ sí sípíkà ni kí ẹ ṣọ́: kí ó kúrú, kí ó ní ìbòrí onírin, kí ó sì jìnnà sí wáyà iná.

Àkùkọ tí ó kọ lẹ́yìn ìyá mi lọ́jọ́ náà ṣì ń kọ síbẹ̀. DAC kò lè lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ti ń ki oríkì náà bí ó ti kì í.