Oṣù kẹjọ kọ́ ló ń ṣíwájú ọdún



Èmi ni mò ń kọ ìwé àjọ àwọn ìyá wa sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. SQL Server ni mo fi ń ṣe é, PIVOT ló ń sọ oṣù di òpó. N kì í fi ọwọ́ kọ orúkọ oṣù, kóòdù náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣà wọ́n látinú owó tí wọ́n dá.

Ọdún parí, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí ìpàdé. Àwọn ìyá wa kì í ka Faransé, àpótí ni wọ́n ń kà láti ọwọ́ òsì. Wọ́n ní ìyá kan tó ń ta gàrí kò dá owó oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, pé kí wọ́n dá ìgbà tirẹ̀ láti kó àjọ dúró ná. Ojú tì í gan-an. Ó yíjú sí mi, ó ní: "Ọmọ mi, oṣù kẹta ni mo wọ ẹgbẹ́. Ta ló wá dá owó àpótí àkọ́kọ́ fún mi?"

N ò rí èsì fọ̀. Mo tẹjú mọ́ ìwé náà: août, avril, décembre, février, janvier... Kọ̀ǹpútà ti to oṣù bí ẹni ń to orúkọ ọmọ iléèwé! Oṣù méjì tí ìyá yìí kò tíì wọlé ló bọ́ sí ipò kẹrin àti ìkarùn-ún.

Lóru ọjọ́ náà, mo fi ORDER BY sí ìparí kóòdù. Orúkọ àwọn ènìyàn ló tò, òpó kò mira. Mo gbé e lọ síbi tí mo ti ń ṣa orúkọ oṣù, ó kọ̀ jálẹ̀: níbi tí SELECT DISTINCT bá wà, ohun tí o fẹ́ fi tò gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí o ṣà. Mo yọ DISTINCT kúrò. Mo fi GROUP BY kó orúkọ oṣù àti nọ́ńbà rẹ̀ jọ ná, lẹ́yìn náà STRING_AGG so àwọn orúkọ pọ̀, pẹ̀lú WITHIN GROUP (ORDER BY num_mois). Bí wọ́n bá ṣe tò níbẹ̀ ni òpó ń tò. (Ẹni tí SQL Server rẹ̀ bá ti pẹ́ ju ti 2017 lọ kò ní rí STRING_AGG lò.)

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn. Ìyá náà fi ìka ka àpótí rẹ̀: méjì òfìfo, mẹ́wàá tó kún. Ó ní kí n kà á sókè kí akápò gbọ́. Mo kà á.