Bátìrì Bọ́ọ̀sì Bọ̀dá àti Àṣekágbá Super Falcons

Láti ìgbà tí a ti wọlé ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe wo bọ́ọ̀lù Super Falcons àti Morocco nínú oko, níbi tí kò sí iná NEPA. Àwọn kan ní irọ́ ni mò ń pa. Àwọn mìíràn ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní èmi ni mo pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí bọ́ọ̀lù dùn jù. Òótọ́ ni, èmi ni mo pa á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi síbí, kí ẹnu mi lè sinmi.

Aba bàbá àgbà mi wà láàárín Òǹdó àti Ilé-Olújì. Ilé márùn-ún péré ló wà níbẹ̀, kòkó ló yí gbogbo rẹ̀ ká. Ní oṣù keje tí òjò ń rọ̀ dáadáa, kòkó a máa jẹrà dúdú lórí igi, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé wa fi máa ń kó lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi láti lọ fín oògùn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta la máa ń lò. Ẹní, ìkòkò, agbada, àti tẹlifíṣọ̀n Bọ̀dá, inú bọ́ọ̀sì la ń kó gbogbo rẹ̀ sí.

Bọ̀dá yìí ni àbúrò ìyá mi. Kò sí ohun tí a lè ṣe kó má gbé tẹlifíṣọ̀n náà dání.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré kan wà lórí páànù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fóònù àti gílóòbù méjì ló mọ. Ní oṣù keje, ojú ọ̀run máa ń ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, páńẹ́ẹ̀lì náà kì í rí oòrùn jẹ yó. Jẹnẹrétọ̀ wà o, ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀. Ohun tó kù ni bátìrì bọ́ọ̀sì. Ká tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ títí bọ́ọ̀lù yóò fi parí kò ṣeé ṣe, nítorí epo tó wà nínú táǹkì kò ju èyí tí yóò gbé wa dé Òǹdó lọ, kò sì sí ilé epo nítòsí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ìyàwó Bọ̀dá wà pẹ̀lú wa, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá àgbà ti sọ títí pé kó má tẹ̀lé wa, àǹtí ní òun ò lè dá wà nílé, pé tó bá di ọjọ́ Ajé òun á padà sí ìlú. Bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní gbogbo aba. Ọ̀kadà wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé obìnrin tó ń rọbí sórí ọ̀kadà lóru, lójú ọ̀nà tó kún fún ẹrẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025 ni àṣekágbá náà, ní Rabat, aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo sọ fún Bọ̀dá pé bátìrì lè kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnì ńlá jí, ṣé tẹlifíṣọ̀n lásán ló máa pa á?”

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin òjé inú bátìrì mọ́tò tín-ín-rín, wọ́n ṣe é kó lè tú iná púpọ̀ jáde fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ́ńjìnì jí, kí ẹ́ńjìnì sì dá ohun tó lò padà fún un. Ti sólà àti inverter ni irin wọn nípọn, àwọn ló lè máa rọra tú iná jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bátìrì mọ́tò dà bí ẹni tó ń sáré ọgọ́rùn-ún mítà. Ẹ má ní kó fẹsẹ̀ rìn dé Àkúrẹ́. Tí ẹ bá ń fà á gbẹ lemọ́lemọ́, kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Mo ti kà á rí pé àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní ọkọ̀ tí bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, RV ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wà á lọ pàgọ́ sínú igbó. Bátìrì ẹ́ńjìnì wọn yàtọ̀, ti ilé tó ń gbé gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀. Bí ti ilé bá tán, ọkọ̀ ṣì máa gbà. Mo sọ èyí fún Bọ̀dá. Ó ní kí n lọ bá òun sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́.

Bàbá àgbà ló wá dá sí i. Bàbá ní bátìrì kì í ṣe tuntun lójú òun. WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n kọ́kọ́ rà ní ihò kan lẹ́yìn tí wọ́n ń ki wáyà bátìrì mọ́tò bọ̀ tààrà, kò nílò inverter kankan. Tí bátìrì bá tán, ẹnì kan á rù ú lọ sí ṣọ́ọ̀bù rìwáyà ní ìlú láti lọ ṣaájì rẹ̀. Bàbá ní ọjọ́ kan wà tí omi bátìrì ta sí òun lẹ́yìn, tó jẹ bùbá òun bí eku ṣe ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi: “Ìwọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, wákàtí mélòó ni bátìrì yìí máa gbé?”

Mo mú bírò. Lára bátìrì, wọ́n kọ 75 ampere-hour, 12 fóòtì. Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, 38 wáàtì. Díkódà, 12 wáàtì. Àpapọ̀ jẹ́ 50. Inverter tó ń sọ 12 fóòtì di 230 máa ń jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa rí i pé ó gbóná, nítorí náà mo kà á sí 60. Tí a bá fi 12 pín 60, ampere 5 la ń fà. Tí a bá fi 5 pín 75, wákàtí 15. Bọ̀dá ti fò sókè.

Mo ní kó jókòó. Bátìrì náà ti lé ní ọdún mẹ́ta, ká ṣe bí ẹni pé agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì, ó di nǹkan bí 37. Tí a bá sì fẹ́ kó ta ẹ́ńjìnì jí lóru láìsí wàhálà, kò yẹ ká fọwọ́ kàn ju ìdámẹ́rin rẹ̀ lọ, ìyẹn bí ampere-hour 9. Ẹ fi 5 pín in. Wákàtí méjì ó dín ìṣẹ́jú méjìlá. Bí a bá tàn án ní aago mẹ́sàn-án géérégé, tí a sì pa á ní ìsinmi ìdajì eré, ó máa gbé wa dópin.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ rìwáyà ti fún mi ní mítà kékeré kan. Bátìrì tó kún dáadáa tó sì sinmi máa ń fi 12.6 hàn. Tó bá wá sí 12.2, ó ti tó ìdajì. Inverter ní fèrè tó máa ń ké tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í ké títí á fi di bí 10.5, nígbà yẹn ẹ́ńjìnì ò ní dá yín lóhùn mọ́. Bàbá dájọ́: “Tí mítà ọmọ yìí bá ti kan 12.1, kò sí àwíjàre. Ẹ pa á.” Bọ̀dá ní ó dáa.

Òjò wá rọ̀ nírọ̀lẹ́, díìṣì yẹsẹ̀. Láti bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Bọ̀dá ti tan gbogbo nǹkan, ó ń yí díìṣì sọ́tùn-ún sósì. Mo ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ìdajì wákàtí lọ báyẹn.

Àwọn ará aba ìtòsí ti dé, wọ́n á tó ogún. A gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àga iwájú bọ́ọ̀sì, a ṣí ilẹ̀kùn, inverter wà nítòsí bátìrì pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó sì kúrú, torí wáyà tín-ín-rín máa ń gbé agbára sọnù. Ìṣẹ́jú 12, Chebbak ti gbá ọ̀kan wọlé. Ìṣẹ́jú 24, Mssoudy fi èkejì lé e. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí mo pa á ní ìsinmi, kò sẹ́ni tó bínú, bàbá kan tiẹ̀ ní kí n kúkú máà tàn án mọ́. Mítà wà ní 12.3.

Ìṣẹ́jú 64, Esther Okoronkwo gbá pẹ́nárìtì wọlé. Ìṣẹ́jú 71, Fọláṣadé Ijamilusi! Ẹ ò gbọ́ ariwo ni, ìyá kan ní ọmọ ilé àwọn ni, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Èmi ń wo mítà. Ó ń ṣe 12.2, ó ń ṣe 12.1, ó tún ń padà. Nígbà tó di bí ìṣẹ́jú 80, ó jókòó sórí 12.1. Mo wo àǹtí. Orí àpótí ló jókòó sí, ó fọwọ́ ti ìdí, kò tiẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n mọ́.

Mo pa á.

Orúkọ tí wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ wa ò ní jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Ọkùnrin kan ní àjẹ́ kékeré ni mí. Bọ̀dá ń bẹ mí pé, “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, jọ̀ọ́!” Bàbá ní, “Ó ti kan iye tí a sọ.” Ọ̀rọ̀ parí. Ọmọkùnrin kan sáré lọ sórí òkìtì ọ̀gán tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yọjú. Ó pẹ́ kó tó ké: “A ti gbá ẹ̀kẹta wọlé! Echegini!” Nínú òkùnkùn la jó, 3 sí 2, ife kẹwàá.

Lẹ́yìn tí wọ́n túká, Bọ̀dá wọ bọ́ọ̀sì láti fi hàn pé irọ́ ni mo pa. Ẹ́ńjìnì yí, ó ń fa ẹsẹ̀, ó tún yí, kó tó gbà. Ó ní, “Ṣé o rí i? Iná ṣì kún inú rẹ̀!” Mo ní ṣé kò gbọ́ bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ ni? Títí di òní a kò tíì parí ìjà yẹn.

Àǹtí kò rọbí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò rọbí lọ́jọ́ kejì. Ó padà sí ìlú lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ló bí ọmọbìnrin. Bọ̀dá ní mo fi góòlù kẹta du òun lásán. Mo sọ fún un pé bí oṣù keje mìíràn bá tún dé, tí mítà bá kan 12.1, màá tún pa á.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó fi Fọláṣadé kún orúkọ ọmọ náà. Ìyá àgbà bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe Jennifer, ẹni tó gbá èyí tó gbé ife wá. Ó nawọ́ sí mi, ó ní òun ò lè sọ ọmọ òun ní orúkọ góòlù tí òun ò rí.