Ṣáwà Akólòlò

A kì í wó ògiri kí a tó wo ẹnu ẹ̀rọ omi.

Owó kòkó ni bàbá mi àgbà fi kọ́ ilé rẹ̀ ní Iléṣà. Nígbà tí ṣáwà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó, tí ó sì ń tu omi sí ẹ̀gbẹ́, púlọ́mbà kan wá láti Òṣogbo. Ó ní páìpù irin ti dípẹtà, kí a fọ́ ògiri. Yèyé àgbà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa ògiri ọkọ rẹ̀.

Mo tú orí ṣáwà náà, mo ṣí omi: ó tú jáde yàà! Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣì ń kán ni, ẹ̀bi di ti páìpù tàbí ti táǹkì tí kò ga tó. Nítorí táǹkì tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 20 ga ju ṣáwà lọ ń ti omi ní ìlọ́po méjì èyí tí ó fi 10 ga. Ìpẹtà ni ó dí ojú ihò. Mo rẹ orí ṣáwà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀, omi rọ̀ bí òjò. Yèyé àgbà rẹ́rìn-ín: “Bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba.”