Ahun Inú Igbó Lọ́wọ́ Ọmọdé

Ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, bí òjò bá dá nígbà ooru, ahun tí wọ́n ń pè ní box turtle a máa jáde wá jẹ olú àti kòkòrò. Bí ọmọ tó fẹ́ràn ahun bá gbé e, kíá ló máa fa orí àti ẹsẹ̀ wọlé. Ìkarahun àyà rẹ̀ á ká sókè bí ilẹ̀kùn, á sì pa dé pátápátá.

Kí ọmọ wò ó, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì dá a padà síbi tó ti mú un gan-an. Ibẹ̀ ló ṣe kókó. Agbègbè kékeré kan ni ahun yìí mọ̀ nílé. Bí wọ́n bá gbé e lọ jìnnà, á máa wá ọ̀nà ilé kiri, ọkọ̀ sì lè tẹ̀ ẹ́ pa. Ó lè lò ju 50 ọdún lọ láyé, àmọ́ ẹyin díẹ̀ ló ń yé lọ́dún. Àdánù ńlá ni abo kan ṣoṣo tí wọ́n bá mú kúrò nínú igbó.

Ẹni tó bá fẹ́ sin ahun, kó béèrè òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó sì wá èyí tí wọ́n bí lọ́dọ̀ àwọn tó ń sìn ín. Kó máa fi ọṣẹ fọwọ́: nítorí àìsàn salmonella tí ahun lè kó ran èèyàn nìjọba Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa ahun tí ìkarahun rẹ̀ kò tó ínǹṣì 4 lọ́dún 1975.