Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ wa bá ń lọ sí yunifásítì ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ilé náà ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú tí mo ń ṣe, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu òbí: “Èló ni wọ́n ń gba yàrá?” Owó yàrá nìkan kọ́. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ọbẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé tí a ó tọwọ́ bọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á fi Manchester ṣe àpẹẹrẹ. Yunifásítì méjì tí ó tóbi jù lọ níbẹ̀ wà ní Oxford Road. Ọ̀nà yìí kan náà ni ó di Wilmslow Road, tí ó la Rusholme kọjá dé Fallowfield, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Bọ́ọ̀sì kì í wọ́n lójú ọ̀nà náà. Ọmọ tí ó sá lọ sí ìpẹ̀kun ìlú nítorí yàrá olówó pọ́ọ́kú yóò fi èyí tí ó rò pé òun jèrè san owó ọkọ̀, ilẹ̀ yóò sì máa ṣú bá a lọ́nà.

Ní ti oúnjẹ, Moss Side kò jìnnà sí Rusholme. Níbẹ̀ ni ọmọ ti lè rí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa. Kì í ṣe ebi nìkan ni oúnjẹ ń lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní oníbàárà tí ń ta iṣu fún un ti ní ẹni tí yóò bi í pé, “Ọmọ mi, ojú rẹ mà wọ́n, ṣé kò sí?” Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìrònú sé mọ́ yàrá ni kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìwé ilé ló kù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 5 bá jọ tọwọ́ bọ ìwé kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló jọ jẹ gbogbo owó náà. Mo ti bá ìyá kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tirẹ̀ san owó rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wọn fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, onílé sì kọ̀wé sí ìyá yìí pé kí ó wá san owó ẹni tó lọ, nítorí pé ó ti ṣe onídùúró. Nítorí náà, ẹ béèrè pé kí ìdúró yín mọ sí ìpín ọmọ yín nìkan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ England náà ń gbèjà wa. Láti ọdún 2007 ni ó ti di dandan kí onílé fi owó ìdógò sábẹ́ ètò ìdáàbòbò tí ìjọba fọwọ́ sí. Láti ọdún 2019, owó náà kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ 5 lọ, bí owó ilé kò bá tó £50,000 lọ́dún. Bí gbogbo ará ilé bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, wọn kì í san owó orí ilé fún ìjọba ìbílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ọmọ yín wọ bọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó jẹ́ ní alẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yàn, nítorí òun ni yóò gbébẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tí wọ́n bá wọ̀ tù wọ́n lára.