Owó Ìjókòó: Ilé Kọfí gẹ́gẹ́ bí Ibi Iṣẹ́ àti Ìsinmi ní Ìgboro Ìbàdàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ẹni ni a ti ń jẹ èkúté onídodo. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé kò sí ibi tí ènìyàn ti ní òmìnira tó ilé ara rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ilé gbà. Àgbẹ̀ kì í dá oko sí ìyẹ̀wù, alágbẹ̀dẹ kì í sì í gbé ẹmú àti ewìrì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Iṣẹ́ ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ṣeé ṣe níbikíbi, nítorí pé ìwé kò tóbi, gègé kò sì wúwo. Olùkọ́ obìnrin kan tí ó ń gbé ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn, rí i ní ọdún 2024 pé èrò yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Obìnrin náà ti lé ní ogójì ọdún. Ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀ka-èdè Oǹkò. Ó ti rìn dé Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, ó ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ó tẹ́tí sí ohùn wọ̀nyẹn, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi àmì ohùn sí wọn lórí. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé etí ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bí etí bá ṣi ohùn òkè gbọ́ sí ohùn àárín, igbá a di igba, gbogbo àlàyé tí a bá sì kọ́ lé e lórí a wó. Yunifásítì ti fún un ní gbèdéke oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí iṣẹ́ náà kò parí, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìnáwó àti làálàá ọdún márùn-ún yóò sì wọgbó.

Ilé rẹ̀ kò burú. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ọmọ mẹ́ta wà nínú ilé, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta kan wà lẹ́yìn fèrèsé, ilé ìjọsìn kan wà ní iwájú ilé, iná mànàmáná sì ń wá bí àlejò tí kò sọ tẹ́lẹ̀. Nígbà kan rí, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi ń gbé e. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fi òpin sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ náà ti di ohun tí wọ́n ń tàn fún wákàtí méjì péré ní alẹ́, kí wọ́n lè fa omi, kí wọ́n sì fi iná sí fóònù. Yàtọ̀ sí èyí, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo obìnrin tí ó jókòó nílé kì í ṣe ojú ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ti jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ọmọ kan yóò béèrè oúnjẹ, èkejì yóò béèrè aṣọ ilé-ìwé, aládùúgbò yóò sì ní kí ó bá òun mójú tó ìkòkò tí ó wà lórí iná, nítorí pé, "Ẹ ṣáà ti wà nílé."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi ìjókòó kiri ìgboro nìyẹn. Ilé ìkàwé ni ó kọ́kọ́ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dé ní kùtùkùtù ti gba gbogbo ibi tí iná wà lára ògiri. Bí ebi bá sì lé ènìyàn jáde, kí ó tó padà dé, ẹlòmíràn ti jókòó sí àga rẹ̀. Ó lọ sí ilé oúnjẹ kan. Orin ibẹ̀ ń mi tábìlì, tẹlifíṣọ̀n sì ń pariwo bọ́ọ̀lù. Ó lọ sí gbàgede hòtẹ́ẹ̀lì kan. Kò tí ì lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi wá bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ẹ ń dúró dè?" Kò sí èébú nínú ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n ó wà nínú ojú tí ó fi béèrè rẹ̀. Lójú tirẹ̀, obìnrin tí ó dá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kò lè ṣàì máa dúró de ọkùnrin kan. Olùkọ́ náà kó ẹrù rẹ̀, ó jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó rí ilé kọfí kan ní Bódìjà. Kì í ṣe ilé ńlá. Tábìlì mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀, igi máńgòrò kan sì ṣíji bo fèrèsé. Agbára oòrùn ni wọ́n fi ń tan iná, nítorí náà kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí a máa pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo náà kì í pẹ́ tí ó fi ń dákẹ́. Ó yan igun kan, ó kọjú sí ògiri, ó ra ife kọfí kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, ó fi ohun ìgbọ́hùn há etí. Wákàtí kan kọjá, èkejì kọjá, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohunkóhun. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan láti Òkèhò tán, èyí tí ó ti ń bá jà fún ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé ojú sókè, ó ń wo ewé máńgòrò títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti rò pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ kò lè sinmi, pé ẹni tí ó bá sì ń sinmi ń fi iṣẹ́ ṣòfò. Ní ọjọ́ náà, méjèèjì jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nídìí tábìlì kan náà.

Kọfí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá bí àwọn kan ti rò. Wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Kàbà láàárín àwọn Okun. Ó sì wà lára irúgbìn tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, èyí tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ń ṣe ìwádìí lé lórí pẹ̀lú obì àti kaṣú. Èròjà tí ó ń lé oorun lọ nínú kọfí náà ni ó wà nínú obì tí àwọn ọdẹ fi ń ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà mọ̀ pé kì í ṣe kọfí gan-an ni òun ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà rà. Ìjókòó ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Pasqua Rosée ṣí ilé kọfí sí ìlú London ní ọdún 1652, kò pẹ́ tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi tàn kálẹ̀, tí ẹni tí ó bá san pẹ́nì kan fi lè jókòó, kí ó ka ìwé ìròyìn, kí ó sì dá sí àríyànjiyàn. Nínú ilé kọfí Edward Lloyd ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn oníṣòwò ti ń pàdé ní òpin ọ̀rúndún náà. Láti ibẹ̀ ni ọjà ìdójútòfò tí à ń pè ní Lloyd's ti ṣẹ̀. Ní Ìbàdàn pàápàá, ilé oúnjẹ àtijọ́ kan tí ó jẹ́ ti àwọn ará Lẹ́bánónì, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, ni Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ di ẹgbẹ́ Mbari ní ọdún 1961. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ewì, tí wọ́n ń ṣe eré, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé jáde. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí tirẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni "mbari", ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i, Ọba Kò So sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1963. Gbogbo ọdún ni olùkọ́ yìí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìtàn yìí, kò sì ronú rí pé ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì ni ó wà nídìí rẹ̀.

Ẹnu ayé kò pẹ́ dé. Ní oṣù kejì, ìbátan ọkọ rẹ̀ kan rí i láti ojú fèrèsé. Kí ó tó di alẹ́, ìròyìn ti délé pé ìyàwó ń dá jókòó sí ilé ọtí ní Bódìjà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ń dun òun náà. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà fún ife kan, tí agolo kọfí sì wà nílé?" Ìyá ọkọ kò sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó pe ìyàwó sí yàrá rẹ̀.

"Ìyàwó, mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ní ò ń jókòó sí."

Àyà ìyàwó já, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ pé rárá? Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ wọlé sí ilé kọfí náà. Ìyá fẹsọ̀ jókòó, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó tọ́ kọfí wò, ó sì fa ojú ro.

"Ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Iṣẹ́ wo gan-an ni ò ń ṣe níbí?"

Olùkọ́ náà fi ohun ìgbọ́hùn sí ìyá létí. Ohùn ìyá àgbà ará Òkèhò ń jáde. Ìyá rẹ́rìn-ín.

"Ará Òkè Ògùn nìyí. Gbogbo ohun tí ó ń sọ yìí ni ò ń kọ sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ohùn bá ṣe lọ sókè tàbí sílẹ̀ ni mo ń fi àmì sí i."

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ìyàwó kò gbọ́ rí. Nígbà tí òun náà jẹ́ ìyàwó tuntun, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àrà Ìbàdàn Dùn ni ó mọ̀ ọ́n yà jù, èyí tí ó ní àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sí ojú aṣọ ní ọwọ́ òfo. Bí ọmọ bá fara gbún ènìyàn nígbà tí ó ń yà á, òpó Mápó wọ́ nìyẹn, aṣọ bàjẹ́. Agbo ilé ọkọ rẹ̀ sì kún fún ọmọdé.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà kan ni èmi àti àwọn obìnrin márùn-ún máa ń sá lọ. Wọ́n ní mo ń sá fún iṣẹ́ ilé ọkọ. Ìyá ọkọ mi bá mi bínú ju ọdún kan lọ."

"Ta ni ó wá bá wọn sọ ọ́, mà, tí inú wọn fi rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ ọ́. Aṣọ ni ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ta ìdì kan, tí mo fi san owó ilé-ìwé àbúrò ọkọ mi, wọ́n dákẹ́." Ìyá wo ife tí ó wà lórí tábìlì. "Ife mélòó ni o máa ń rà lójúmọ́?"

"Ẹyọ kan, mà."

"Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́?"

Ìyàwó kò lè dáhùn.

"Ìyá tí ó ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gbálẹ̀, ẹlòmíràn yóò pọn omi, gbogbo wa ni a sì ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn bá ń jókòó lọ́fẹ̀ẹ́, kì í pẹ́ tú."

Ojú ti olùkọ́ náà. Láti oṣù méjì tí ó ti ń kùn pé ilé kò jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́, tí hòtẹ́ẹ̀lì ń wo òun ní ìwòkuwò, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí bóyá òun náà ń jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin ni ó ń dá jókòó sí, àní ní ọ̀sán tí àwọn tí ó fẹ́ jẹun ń wọlé tí wọn kì í rí àyè. Ní ọjọ́ náà ni ó tó bi obìnrin tí ó ni ilé náà pé àkókò wo ni èrò kì í pọ̀. Obìnrin náà sọ fún un pé àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé Ọjọ́bọ̀ ni.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó ń lọ dípò márùn-ún. Owó tí ó ṣẹ́kù lórí ọjọ́ méjì ni ó fi ń ra oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, a kúrò ní tábìlì ńlá, a lọ sí èyí tí kò gbà ju ẹnì kan lọ lábẹ́ máńgòrò. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń mójú tó àwọn ọmọ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ náà dé ọwọ́ yunifásítì nígbà tí gbèdéke ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Ìlú tí ó bá fẹ́ kí ìwé jáde láti ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi tí wọn yóò jókòó sí, yálà ilé ìkàwé tí iná rẹ̀ kì í kú, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ilé kọfí. Ẹni tí ó bá sì rí irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé gbèsè ni ìjókòó, sísan ni í san. Nígbà tí ìbátan tí ó gbé ìròyìn wá ní ìjelòó tún yà sí ilé, tí ó bèèrè ìyàwó, ìyá kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀fọ́ tí ó ń já. Ó ní, "Ó ti lọ síbi iṣẹ́."