Èéfín tí ẹ sá fún ní Òjótá

Ẹ̀yin òbí àtàwọn àgbà wa, bí ẹ bá ti Ìbàdàn wọ Èkó, tí ẹ dé Òjótá, imú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún un yín. Èéfín dáńfó àti tírélà ló ń pàdé yín. Nítòsí ibẹ̀ ni ààtàn Olúsòsún wà, níbi tí iná ti sọ lóṣù kẹta ọdún 2018, tí èéfín bo àdúgbò.

Ẹ wo àwọn ọmọ iléèwé tó dúró létí títì. Ẹnu sálẹ́ńsà mọ́tò ò jìnnà sí imú wọn, ọmọdé sì máa ń mí kíákíá ju àgbà lọ. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé tó jáde lọ́dún 2020 fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́ pa èèyàn bí 11,200 l'Ékòó lọ́dún 2018. Àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ẹ ti bọ́ bí ẹ bá délé. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé ń tú èéfín tirẹ̀, èyí tí kò lóòórùn nínú rẹ̀ sì lè pa èèyàn mọ́ ojú oorun. Ẹ gbé e jìnnà sílé, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ má dáná sun ìdọ̀tí. Lásìkò ọyẹ́, kí àgbàlagbà tó ní ikọ́ fée má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èéfín Òjótá ju agbára yín lọ. Ti inú ilé, ọwọ́ yín ló wà.